Ọjọ́ Tí A Dín Àkàrà Sàráà fún Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́ríàmọ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọbbo-Ayégúnlẹ̀ ló ránṣẹ́ pe àwa àgbàlagbà mélòó kan, pé ká wá sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe fún àwọn ọmọ tó ń múra àtijáde. Nọ́ọ̀sì kan sọ tirẹ̀, àgbẹ̀ kan sọ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tó kàn mí, mo ní èmi Ràímì ará Ọ̀sì, sinimá ni mo fi ayé mi ṣe. Ẹ̀rín sọ. Ọmọ kan ní ọwọ́ ẹ̀yìn ní, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?" Mi ò bínú. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀rín láti ìgbà èwe rẹ̀, bí wọ́n bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kó gbà á.

Mọ́ríàmọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí ẹni tó sunkún rí nítorí ọkọ̀ tí kò sí?" Ẹ̀rín tún sọ, àfi bí ẹni pé wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀. Olùkọ́ wọn ló ṣàlàyé fún mi. Ọmọ náà fẹ́ràn fíìmù kan tó ń wò lórí fóònù, ti ọkọ̀ tó máa ń rìn láàárín ìràwọ̀. Àwòrán ọkọ̀ náà wà lára àpò ìwé rẹ̀, ó wà lára fóònù rẹ̀. Níbi tí fíìmù ọ̀hún parí sí, ọkọ̀ náà fọ́. Mọ́ríàmọ̀ kò jẹun lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì ti ń wá àlùfáà tí yóò ṣàdúrà sómi fún un.

Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹnì kan ni mo rí. Odidi ìlú ni."

Wọ́n lu aago, ọ̀rọ̀ kò lè gùn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀, fún òun àti fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe.

Nígbà tí mo wà léwe, sinimá kì í ṣe ohun tí à ń wò nínú yàrá. Ọ̀gá Búsárì ló máa ń fi ọkọ̀ gbé e wá láti Ìlọrin, á so aṣọ funfun mọ́ òpó méjì ní gbangba, gbogbo ìlú á sì gbé àpótí ìjókòó wọn jáde. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lọ́rọ̀ nínú: bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó wò mí tẹsẹ̀ torí, ó ní kí n gun ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo rò pé ẹ̀rọ ni máa kọ́. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan, aṣọ funfun yẹn ni mo ń fọ̀. Mà á fọ̀ ọ́, mà á sá a, mà á ká a, Ọ̀gá á sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti etí kan dé èkejì. Bó bá rí ìṣẹ́po kan ṣoṣo, ó di kí n tún un fọ̀. Á ní, "Ràímì, wọ́n á fi ojú ọmọge hàn lórí aṣọ yìí. O fẹ́ kó hunjọ kó tó lọ́kọ?" Lẹ́yìn aṣọ ni mo tó fọwọ́ kan róòlù fíìmù, etí rẹ̀ nìkan sì ni mo gbọ́dọ̀ mú, bí ẹni mú àwo ọbẹ̀ gbígbóná.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ òpin fíìmù fún òǹwòran kí fíìmù tó parí, olè ni. Mo fojú kékeré wo òfin yìí ní ọjọ́ kan ní Kòrò. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà bi mí bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin inú fíìmù alẹ́ ọjọ́ náà máa kú. Mo ní kò ní í kú, ó bu ẹ̀pà fún mi. Ọ̀gá gbọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí à ń lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà tí mo gbà, ó ń yọ orí síta lójú fèrèsé: "Ràímì, o fẹ́ mọ̀ bóyá o máa dé Ararọ̀mí? Mi ò ní í sọ fún ọ!" Àwọn tó ń lọ sóko ń rẹ́rìn-ín mi títí mo fi dé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, mi ò ní í sọ òpin fíìmù.

Ohun mìíràn tún wà. Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Íńdíà ni wọ́n ń sọ nínú àwọn fíìmù wa. Ọ̀gá ló máa ń di máìkì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tí yóò máa túmọ̀ wọn ní ohùn Ìlọrin. Ọyẹ́ dí i lọ́fun lọ́jọ́ kan ní Ìlọ́fà, kò lè fọhùn, ó sì ti máìkì sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Èdè ilé wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Òyìnbó kan lu ilẹ̀kùn lórí aṣọ, mo ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn ulé yìí, àbí uná ni ẹ fẹ́ kí n kì bọ̀ ọ́?" Ìlọ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọn ò tíì gbọ́ kí òyìnbó sọ èdè wa rí. Ọ̀gá kàn ń mi orí. Nígbà tó dá mi sílẹ̀, tí mo ṣe fíríìdọ̀mù, máìkì náà ló fi ta mí lọ́rẹ, ó sì ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Kò pẹ́ tí fídíò fi dé, tí aṣọ funfun di ohun ìbora. Mo kan ilé pákó kan sẹ́bàá ọ̀nà ní Ọ̀sì, mo fi páànù bò ó, mo ra tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀. Oníṣòwò kan ní Ìlọrin ń kó kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọkọ̀ ojú ọ̀run tiwa ti jáde.

Orúkọ tí àwọn tó ṣe fíìmù náà fún ọkọ̀ wọn gùn, ó sì dà bí orúkọ oògùn ibà. Mo wo ọkọ̀ náà: ó ti gbó, ara rẹ̀ kún fún àbùlẹ̀, omi ló ń rù láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn fún àwọn tí kò ní kànga. Iná kan wà níwájú orí rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú dípò kó tàn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Mo ní irú èyí kò lè jẹ́ orúkọ oògùn. Mo pè é ní Àṣàkẹ́.

Ọ̀rọ̀ bá parí. Ohun tí Yorùbá bá ti fún ní oríkì ti di ọmọ ilé. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì ni à ń wò ó, gbogbo ìgbà tí Àṣàkẹ́ bá sì gbéra nílẹ̀, ilé á hó gèè: "Ọkọ̀ á rèfó o!" Àwọn àgbẹ̀ Kòrò ń jiyàn iye ebè iṣu tó lè gbà. Àwọn ọmọdé ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Sáká tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ọ̀sì sí Ìlọrin kọ ÀṢÀKẸ́ gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní bí ẹ́ńjìnnì ìyẹn ṣe ń wúkọ́ ni tòun náà ń wúkọ́.

Mo ní fíìmù mìíràn níbẹ̀ tí ọkọ̀ tirẹ̀ tóbi, tó ń dán, tó ń yìnbọn. Wọ́n wò ó, wọ́n gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Mo bi Sáká pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń dán un, ta ló mọ̀ ọ́n? Éè bàjẹ́ rí, éè sẹ́ni tó tì í rí. Ọkọ̀ tí mi è bá ọn tì, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni àwa àti Àṣàkẹ́ jọ ń bàjẹ́ sọ́nà, tí a jọ ń tún un ṣe. A mọ ibi tó ti ń jò. A mọ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Lójoojúmọ́ ni ọ̀gá ọkọ̀, awakọ̀ àti alásè inú fíìmù náà ń jà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sùn. Ilé ni, tó kàn jẹ́ pé ó ń rìn.

Ẹ wá gbọ́ jàǹbá tó dé. Kásẹ́ẹ̀tì kan parí síbi tí Àṣàkẹ́ ti sọnù. Ó gba ibì kan tó ṣókùnkùn kọjá kó lè tètè gbé omi dé ibi tí òùngbẹ ti ń pa àwọn èèyàn. Àwọn ará ilé ń pè é lórí ẹ̀rọ, kò dáhùn. Iná orí rẹ̀ ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Kásẹ́ẹ̀tì tán. Kò sẹ́ni tó dìde. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé èyí tó kù ń bọ̀ láti Ìlọrin.

Kí èyí tó kù tó dé, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Ó ṣí gbogbo páànù ilé fídíò mi, ó kó wọn lọ sínú oko ẹ̀gẹ́, ògiri pákó wó lu tẹlifíṣọ̀n, omi sì kún inú àpótí kásẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó lórí àwókù, omijé ń dà lójú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé kí n wá bá òun ta sìmẹ́ńtì. Mo ti gbà. Ìyàwó mi ti ń di ẹrù.

Àwọn èèyàn wá kí mi. "Ẹ kú ewu, Ọlọ́run á dá a padà." Mo dúpẹ́. Wọ́n á ṣe díẹ̀, wọ́n á wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á wá ní, "Àṣàkẹ́ ńkọ́?" Nígbà tí ẹni kẹta béèrè, mo fò sókè. Mo ní ilé mi wó, iṣẹ́ mi parí, ẹ ń béèrè ọkọ̀ tí kò sí! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́! Mo lé gbogbo wọn.

Ìyá Rábí kò lọ. Alákàrà ni, iwájú ilé fídíò ló ti ń dín àkàrà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo Ọ̀sì ló mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wa lọ́rì iṣu lọ sí Kánò nígbà tí Rábí ọmọ wọn ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì padà. Wọn ò rí lọ́rì, wọn ò rí òkú, wọn ò rí ẹni tó ròyìn. Ó jókòó tì mí lórí pákó tútù.

Ó ní, "Ràímì, mo mọ̀ pé éè sí. Mi è ya wèrè. Ọkọ̀ kan tó sí lóòótọ́ jáde ní ulé mi, éè sẹ́ni tó sọ òpin rẹ̀ fún mi. Ìyẹn ti kọjá. Mo kàn fẹ́ fi ojú mi rí ọkọ̀ kan tó padà dé ulé, kódà kó jẹ́ ti inú tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?"

Mo sunkún, èmi àgbà ọkùnrin. Nígbà tí mo nujú tán, mo lọ sọ fún ìyàwó mi pé kó tú ẹrù.

Ohun tó tẹ̀ lé e, mi ò pe ẹnikẹ́ni sí i. Káfíńtà dé pẹ̀lú ìṣó tirẹ̀. Àwọn ará Kòrò wá páànù mi kiri oko ẹ̀gẹ́, wọ́n fi òòlù nà wọ́n tọ́. Olùkọ́ kan gbé tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ rẹ̀ wá, ìyàwó rẹ̀ sì ń bú u bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun náà ló di ẹ̀yìn ẹ̀rọ mú kó má baà já bọ́. Sáká ní òun á wa bọ́ọ̀sì òun lọ sí Ìlọrin, òun ò ní í padà láìmú kásẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn bọ̀.

Ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kò sọ̀ kalẹ̀. Oníṣòwò ti sọ fún un pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn níbì kankan láyé. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ti ṣíwọ́, wọ́n ti tú ká, wọ́n fi Àṣàkẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ilé fídíò kún dé ojú ọ̀nà. Mo di máìkì mú níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò fi nǹkan kan hàn, mo sọ bó ṣe rí gan-an. Mo ń wo Ìyá Rábí. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ọn éè mú un dé ulé?"

"Wọn ò mú un dé, Ìyá."

"Ọ̀lẹ ni ọn. Ó dáa, àwa á mú un dé. Ràímì, sọ̀rọ̀!"

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Òfin Ọ̀gá ní kí n má sọ òpin kí fíìmù tó parí. Fíìmù yìí ti parí, òpin ni kò ní. Mo kọjú sí Sáká, mo ní, "Awakọ̀, ọ̀nà ṣókùnkùn, ẹ́ńjìnnì ti kú. Kí lo máa ṣe?"

Sáká gba máìkì. Ó ní kí wọ́n da omi nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Àgbẹ̀ kan láti Kòrò fò dìde, ó ní kò ṣeé ṣe, òùngbẹ ń pa àwọn èèyàn níwájú! Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n da ìdajì. Káfíńtà tún ibi tó ń jò ṣe. Ìyàwó olùkọ́ fi ẹnu ta ẹ́ńjìnnì, ó wúkọ́, gbogbo ilé bá a wúkọ́ títí ó fi jí. Èmi ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n òfìfo náà, mo sì búra fún yín pé mo ń rí i. Nígbà tó kan ilé, mo gbé máìkì fún Ìyá Rábí.

Ó ní kí wọ́n tan iná orí rẹ̀ ná. Ó ní kó má ṣẹ́jú. Ó ní obìnrin kan wà nílẹ̀ tó ti ń wo òkè tipẹ́, ó rí iná yẹn, ó gbé ìkòkò kaná. Àṣàkẹ́ gúnlẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Gbogbo wa pátá, àgbà àtọmọdé, a fi èjìká tì í lórí ìjókòó wa, ó ṣí! Mo ń pe àwọn èrò inú ọkọ̀ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Rábí sì ń béèrè, "Ó kù ta?" títí mo fi ní ó tán, gbogbo wọn ti dé. Ó ké, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gbéyàwó lọ, kí ìyàwó mi má bínú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tó bá ti inú ewu dé, sàráà dandan ni. Ìyá Rábí ti ń po ẹ̀wà kí a tó jáde. Ẹnì kan lọ pe Àlùfáà. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó fọwọ́ nu irùngbọ̀n, ó ní, "Mi ò lè ṣàdúrà fún ọkọ̀ tí kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lójú ọ̀nà pọ̀ láyé yìí. Ẹ jẹ́ ká tọrọ pé kí Ọlọ́run kó wọn délé." A ṣe àmín tó mi páànù. Àwọn ọmọdé gbé àkàrà kiri ìlú pé Àṣàkẹ́ dé. Òṣìṣẹ́ káńsù kan tó ti Ararọ̀mí wá rò pé Hàjíà kan ló ti Mẹ́kà dé. Ó jẹ àkàrà tán, ó ṣe àdúrà gígùn fún Hàjíà, ó ní kí wọ́n bá òun kí i. A ní a ó bá a kí i.

Láti ìgbà náà, irinṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, sídíì dé. Sídíì lọ, fílásì kékeré bí èékánná dé. Bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé fídíò lọ́wọ́ fíìmù. Nígbà tó yá, fóònù dé, olúkúlùkù wá ní sinimá lápò. Orúnkún mi sì ti ń dùn mí, mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn tì. Mi ò kábàámọ̀. Bọ́ọ̀sì Sáká gbó tán pátápátá, a sì yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kọ ÀṢÀKẸ́ sí, òun ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn ilé mi. Kì í ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣa iṣẹ́, mi ò sọ pé kí ẹ wá ṣe sinimá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Iṣẹ́ kíṣẹ́ tí ẹ bá mú, ẹ wo ẹni tó ń retí nínú àwọn tí ẹ ń ṣe é fún.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ìtàn yìí fún Mọ́ríàmọ̀ lórí fóònù kí n tó kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Ó ní, "Bàbá, àwa náà ti mú tiwa délé o. Gbogbo wa la jọ kọ ọ́. Ó ti gúnlẹ̀!"

Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rábí. Ó ti darúgbó gan-an báyìí, Rábí ló ń dín àkàrà, òun kàn ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn ọmọ náà. Kò bi mí pé ọkọ̀ wo, kò bi mí pé ọmọ ta.

Ó ní, "Gbogbo ọn tó wọ̀ ọ́ ni ọ́n dé?"

Mo ní, "Gbogbo wọn ni, Ìyá."

Ó kọjú sínú ilé. "Rábí! Rẹ ẹ̀wà sómi."